Ohùn Mi ní Ìhà Igbó Oparun

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1986 ni. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀ ni a jáde nílé. Mo dárúkọ àkókò náà nítorí pé mo wo aago ọwọ́ mi. N kò fojú bù ú. Èyí tí mo bá fojú bù, màá sọ pé mo fojú bù ú ni.

Àwa márùn-ún la jáde: èmi, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àti àwọn ọmọ wọn mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ dúró sílé. Ọkùnrin ni àkọ́bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Obìnrin ló tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún méje. Obìnrin náà ni àbígbẹ̀yìn, kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Abúlé bàbá wa, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ni a ti lọ lo ìsinmi. Ìjẹ̀bú-Òde ni ìyá wa ń gbé, níbi tó ti ń ta aṣọ, ṣùgbọ́n ilé bàbá wa ṣì dúró ní abúlé, ìyá wa sì máa ń lọ ṣí àwọn fèrèsé rẹ̀ lóṣooṣù kí ìkán má baà jẹ ẹ́ tán.

Ẹ̀gbọ́n mi àti ọkọ rẹ̀ ti gbé ní ìlú òyìnbó fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó padà sí Èkó. Lọ́hùn-ún, bí oṣù Kejìlá bá ti dé, wọn a kó àwọn ọmọ lọ sí orí òkè tí yìnyín bò, wọn a so pátákó gígùn mọ́ bàtà, wọn a sì máa yọ̀ gẹ̀rẹ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀. Síkì ni wọ́n ń pè é. Mo ti rí fọ́tò rẹ̀. Wọ́n fi aṣọ wé àwọn ọmọ bí ẹrù tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, ojú nìkan ló hàn, àbígbẹ̀yìn sì jókòó sórí pátákó láàárín ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 1986, náírà ti já, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú ti di ohun tí à ń wò lókèèrè. Àwọn ọmọ kò mọ ìyẹn. Láti oṣù Kọkànlá ni wọ́n ti ń béèrè ìgbà tí a máa lọ síbi yìnyín.

Bùrọ̀dá ni mo máa ń pe ọkọ ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin aláwàdà ni, kò sì lè gbọ́ ẹkún ọmọ kó mú un mọ́ra. Ó ní, "Bí yìnyín ò bá sí, òkè ń bẹ." Ó ní kí káfíńtà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fá pátákó méjì fún òun, kó tẹ imú wọn sókè bí ti ọkọ̀ ojú omi, kó so okùn mọ́ wọn níwájú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi àbẹ́là pa ìdí wọn títí wọ́n fi ń dán.

Òkè tí a ń lọ kò jìnnà sílé. Àwọn ará ilé bàbá wa ti dá oko ẹ̀gẹ́ síbẹ̀ rí, wọ́n ti fi í sílẹ̀. Koríko ti hù bò ó, ọyẹ́ sì ti gbẹ koríko náà, ó ti sùn sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú. Ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ kan, ilẹ̀ ṣàdédé já sínú kòtò jíjìn tí oparun hù sí, odò kékeré kan sì wà ní ìsàlẹ̀ oparun náà. Láti àárín ibi tí a ti ń yọ̀ dé etí kòtò jẹ́ ìgbésẹ̀ mi méjìlélógójì. Ọjọ́ kejì ni mo tó wọ̀n ọ́n. Ọjọ́ kìíní ló yẹ kí n ti wọ̀n ọ́n.

Ìyá wa ti kírun àsùbáà tán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo orí dé èjìká. Kùrukùru bo abúlé débi pé a kò rí igi ọsàn tó wà níwájú ilé.

"Inú èyí náà lẹ fẹ́ kó wọn lọ?" ó bi wá.

"Màmá, èyí ò tó nǹkan kan," Bùrọ̀dá dá a lóhùn. "Níbi tí a ti ń bọ̀, bí ènìyàn bá sunkún, omijé á dì mọ́ ọn lójú."

"Àna mi, n kò sọ̀rọ̀ òtútù. Ẹ máa bá òtútù yín ṣeré. Ọ̀rọ̀ igbó ni mò ń sọ." Ó yí sí àwọn ọmọ. "Ẹ fetí sílẹ̀ o, ẹ̀yin òyìnbó mi. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ yín nínú igbó, tí ẹ ò tíì rí ojú onítọ̀hún, ẹ má dáhùn. Ì báà ṣe ohùn Dádì yín."

Àkọ́bí ní, "Màmá Àgbà, tó bá wá jẹ́ pé Dádì gan-an ni ńkọ́?"

"Dádì ní ẹsẹ̀. Á rìn wá bá ọ."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ohun tuntun fún èmi. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Títí di òní, bí a bá pe ìyá wa láti ẹ̀yìnkùlé, kò ní jẹ́ wa lóhùn, a ó kàn rí i tó yọ lẹ́nu ọ̀nà tó ń wò wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ yìí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bí a ṣe ń gba ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ, àbígbẹ̀yìn fa ìka mi.

"Àǹtí, ṣé òótọ́ ni Màmá Àgbà sọ?"

Físíìsì ni mo kà ní yunifásítì, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ agùnbánirọ̀ ni. Mo ní èrò tèmi lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣùgbọ́n mo gbé e wò: bí mo bá ní irọ́ ni, mo sọ ìyá mi di òpùrọ́ lójú ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí mo bá ní òótọ́ ni, mo sọ ohun tí n kò mọ̀. Mo wá sọ èyí tó dà bíi pé kò ní ẹ̀bi nínú.

"Ohun tí Màmá Àgbà bá ní kó o ṣe, ṣe é."

Ó fi orí dá mi lóhùn pé òun gbọ́. Ọmọ tí ó jẹ́ pé bí a bá ní kó dúró, ó máa dúró títí a ó fi ní kó jókòó ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ náà.

Bùrọ̀dá ti kọ́ ètò síkì láti orí yìnyín, ètò náà sì dára. Òun dúró lókè, èmi dúró nísàlẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbéra, òun á pariwo, "Ó ń bọ̀ o!" Bí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ mi, èmi á pariwo, "Ó ti dé o!" Kò ní jẹ́ kí òmíràn gbéra àfi tó bá gbọ́ ohùn mi. Ọmọ tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ á wá fa pátákó rẹ̀ gba ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ gòkè padà, ní ìhà tó jìnnà sí oparun.

N kò rí òkè. Mo fojú bù ú pé n kò ríran ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń mọ̀ nípa ọmọ tó ń bọ̀ ni ìró pátákó lórí koríko, ṣàààà, bí ẹni ń ku gàrí. Lẹ́yìn náà ni imú pátákó á yọ nínú funfun, tí ojú ọmọ á tẹ̀ lé e, tí á ti máa rẹ́rìn-ín. Ó wá ń ṣe mí bíi pé kùrukùru náà ló ń dá wọn, tó sì ń fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ìrònú lásán ni.

Gbogbo ìgbà tí àbígbẹ̀yìn sọ̀, iwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ló máa ń jókòó sí. Ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì, ó bẹ bàbá rẹ̀ pé òun fẹ́ dá sọ̀. Mo gbọ́ ohùn Bùrọ̀dá láti òkè: "Ó ń bọ̀ o! Òun nìkan ni o!" Àkọ́bí wà lọ́dọ̀ mi nísàlẹ̀ nígbà náà. Èkejì wà lókè lọ́dọ̀ bàbá wọn.

Mo gbọ́ ṣàààà. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, lẹ́yìn náà ìró náà yà kúrò lọ́nà ọ̀dọ̀ mi, ó lọ sí ìhà igbó oparun. Ó wá dákẹ́.

Mo dúró. Mo ka ení títí dé ogún.

"Bùrọ̀dá! Kò tíì dé o!"

"Kí lo wí?"

"Mo ní kò tíì dé!"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń sáré bọ̀, ó fa èkejì lọ́wọ́.

A ní kí àwọn ọmọ méjèèjì di ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n má kúrò lójú kan náà. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí pátákó. Ó dojú dé, okùn rẹ̀ nà sí ìhà oparun, kò sí ọmọ lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé etí kòtò jẹ́ ìgbésẹ̀ mẹ́rìnlá. N kò rí oparun náà, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí wọ́n ti ń fara ra ara wọn, tí wọ́n ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo, bẹ́ẹ̀ n kò mọ̀ ọ́n lára pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

Bùrọ̀dá pe orúkọ ọmọ náà títí ohùn rẹ̀ fi há. Èmi náà dúró ti pátákó, mo pè é. Orúkọ rẹ̀ ni mo pè, mo sì ní, "Níbo lo wà?" N kò sọ ohun mìíràn. Ó dá mi lójú, nítorí ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó dà á pọ̀ mọ́ mi lọ́kàn.

Kò sí èsì. Ọmọ tí ó ń pariwo láàárọ̀ títí ilé fi ń mì, kò fọhùn.

"Ó ti bọ́ síbẹ̀," Bùrọ̀dá ní. "Ó ti bọ́ sódò!" Ó kọrí sí kòtò. Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú lẹ́yìn. N kò fọwọ́ kan ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà padà wá sí mi lọ́kàn.

"Bùrọ̀dá, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ má pè é mọ́."

"Kí n má pe ọmọ mi? Ṣé orí ẹ dàrú ni?"

"Kò ní dáhùn. Màmá ní kó má dáhùn. Èmi náà ní kó ṣe bẹ́ẹ̀."

Ó wò mí. N kò mọ ohun tó wà nínú ìwò náà, n kò sì ní méfò.

A mú àwọn ọmọ méjèèjì wá. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na ọwọ́, a di ara wa mú bí ẹni fẹ́ fa àwọ̀n, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn díẹ̀díẹ̀ láti ibi pátákó, láìsọ̀rọ̀. Kò sí ohun tó le fún mi láyé mi bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Bí ọmọ náà bá wà nínú odò, gbogbo ìṣẹ́jú tí a fi ń rọra rìn, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí kan ṣoṣo tí mo ní ni pé mo mọ irú ọmọ tó jẹ́.

Ọ̀pẹ kan wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án sí ibi tí mo ti dúró ń pè é. Ẹ̀yìn ọ̀pẹ náà ni a ti rí i. Ó lóṣòó, ó fẹ̀yìn ti igi, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ó la ojú sílẹ̀ kedere, ó ń wo ìhà oparun. Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ó rí wa, kò mira. Mo lóṣòó níwájú rẹ̀. Ó mú ọwọ́ kan kúrò lẹ́nu, ó fi kàn mí níwájú orí, ó fi kan imú mi, ó fi kan ètè mi. Lẹ́yìn náà ló tó mú ìkejì kúrò.

"Àǹtí," ó ní.

Bàbá rẹ̀ gbé e, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Àkọ́bí ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú u: "Olórí kunkun! O ò gbọ́ pé àwa là ń pè ọ́ ni?"

"Mo gbọ́ yín. Mo gbọ́ Dádì. Mo gbọ́ Àǹtí níbí." Ó wá na ìka sí ìhà kòtò. "Mo sì gbọ́ Àǹtí níbẹ̀ yẹn."

"Èmi kọ́ nìyẹn," mo ní. "N kò débẹ̀."

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ní kí n máa bọ̀. Ẹ ní odò ò jìn."

Ẹ̀rín Bùrọ̀dá dá. Ó gbé ọmọ náà mọ́ àyà, a kọrí sílé.

Ní ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n mi gba ọmọ rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ó yíjú sí wa. "Síkì! Ẹ̀yin méjèèjì tẹ́ ẹ kàwé! Ṣé ilé yìí ò láyè tó tí ọmọ lè ti ṣeré ni?" Bùrọ̀dá dọ̀bálẹ̀ fún ìyá wa sórí iyanrìn, kò lè dìde. Ìyá wa kò bá a wí. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

"Ṣé ó dáhùn?"

"Kò dáhùn, Màmá."

"Àlùhámúdùlíláhì." Ó bu omi fún ọmọ náà mu. Nígbà tó ṣe, ó tún ní, "Ìwọ tó o kàwé, kí ni ìwé sọ sí i?"

"Mò ń rò ó lọ́wọ́ ni, Màmá."

"Máa rò ó. Bó o bá rò ó tán, wá sọ fún mi."

Mo rò ó. Mo pe àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èkejì ní ohùn bàbá òun nìkan ni òun gbọ́. Àkọ́bí ní òun gbọ́ mi láti inú kòtò oparun, pé ṣe ni òun rò pé mo ti sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ó ní orúkọ àbúrò òun nìkan ni mo ń pè, pé òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ odò. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ohun tí àbúrò rẹ̀ sọ kí n tó bi í. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, n kò sì lè ka ẹ̀rí rẹ̀ sí ẹ̀rí tó dá dúró.

Gbohùngbohùn ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ògiri kòtò lè dá ohùn padà. Ṣùgbọ́n gbohùngbohùn kì í fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún ọ̀rọ̀ ẹni. Ẹ̀rù lè fi kún un nínú etí ọmọ ọdún márùn-ún, mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò sì lè búra pé kò sí ẹni tó ti dárúkọ odò létí rẹ̀ ṣáájú.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, nígbà tí oòrùn ti là, mo ní kí Bùrọ̀dá lọ lóṣòó sídìí ọ̀pẹ náà. Mo dúró síbi tí pátákó ti dojú dé lánàá, mo pe orúkọ kan náà. Ó mi orí.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbọ́ ọ. Láti ibi tó o dúró sí."

Mo tún pè.

"Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kò fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Kò sí kùrukùru lọ́jọ́ náà, nítorí náà n kò lè sọ pé ìdánwò yẹn fi ohunkóhun hàn. Mo bi ìyá àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà nítòsí bóyá obìnrin kan lọ pọn omi níbẹ̀ ní àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́n. "Ta ní í lọ síbẹ̀ lọ́yẹ́? Odò yẹn ti gbẹ."

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó fúnra mi. Ẹrẹ̀ ló wà ní ọ̀pọ̀ ibi, n kò sì rí ẹsẹ̀ ènìyàn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ oparun gan-an, ní ìsàlẹ̀ tààrà sí ibi tí pátákó dojú dé sí, omi wà níbẹ̀, ó dúdú, ó dákẹ́, kò fẹ̀ ju ẹní àkéte kan lọ. Mo gé oparun kan tó ga jù mí lọ, mo tì í bọ inú omi náà títí ọwọ́ mi fi kan omi. Kò kan ilẹ̀.

Mo lọ sọ fún ìyá wa: èyí ni mo rí, èyí ni n kò rí, èyí ni n kò mọ̀. Ó gbọ́ mi tán. "O gbìyànjú," ó ní, ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a padà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Láti àárọ̀ Àbámẹ́ta ni mo ti kíyè sí i pé ọmọ náà kì í jẹ́ mi lóhùn mọ́. Bó bá rí mi, yóò sáré wá, yóò jókòó sí mi lẹ́sẹ̀, yóò jẹun lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é láti yàrá kejì, kò ní fọhùn. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é, yóò jẹ́. Bí bàbá rẹ̀ bá pè é, yóò jẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo dán an wò láàárín ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà ojú tì mí, mo ṣíwọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní yóò gbàgbé. Lẹ́yìn tí wọ́n padà sí Èkó, ó kọ lẹ́tà sí mi lẹ́ẹ̀mejì lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n n kò sí níbẹ̀, nítorí náà n kò ní kọ ohun tó sọ síbí. Ohun tí ojú èmi fúnra mi rí kẹ́yìn ni èyí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹta oṣù Kìíní ọdún 1987, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀. Wọ́n ti di ẹrù sínú mọ́tò. Ìyá wa àti èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó géètì. Bùrọ̀dá fi mọ́tò sẹ́yìn bọ́ sí títì. Àbígbẹ̀yìn ló jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí wa, gíláàsì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Kò ju ìgbésẹ̀ márùn-ún lọ láàárín wa, ṣùgbọ́n iwájú ló kọjú sí, kò rí mi. Mo pe àkọ́bí, mo ní ó dàbọ̀, ó juwọ́. Mo pe èkejì, ó juwọ́. Mo wá pe òun.

Ó gbọ́. Mo rí i bí èjìká rẹ̀ ṣe gbéra. Ó yí ojú, ṣùgbọ́n kò yí i sí ọ̀dọ̀ mi. Ó na ọrùn kọjá àyà ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo òdìkejì títì, níbi tí ògiri gígùn ilé aládùúgbò wà, tí kò ní ilẹ̀kùn, tí kò ní fèrèsé. Ó tẹjú mọ́ ibì kan lára ògiri náà, ní ìwọ̀n ibi tí ojú àgbàlagbà máa ń wà. Ó rọra mi orí, bí ọmọ tó ní ilé rere ṣe ń kọ oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò. Mọ́tò gbéra. Mo wo ògiri náà láti òpin kan dé èkejì. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.